Kókó Lọ́rùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ó Jọ Jẹjẹrẹ, Kí Abẹ́rẹ́ Tàbí Ọ̀bẹ Tó Dé Ibẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há nìyí: wọ́n rí kókó lọ́rùn, wọ́n lọ ṣe sikáànù, wọ́n gba ìwé èsì, wọn ò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n lọ sinmi ni, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ (èyí tí wọ́n fi ń fa díẹ̀ nínú kókó lọ ṣàyẹ̀wò) ni, àbí kí wọ́n máa wá owó iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ sikáànù ni mo ń ṣe. Ìyá kan tú ìwé tirẹ̀ jáde níwájú mi láti inú ọ̀rá funfun. Ìwé náà ti fẹ́ẹ̀ já níbi tí wọ́n ti ń ká a. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kékeré lábẹ́ gògóńgò tó ń tú họ́mọ̀nù jáde) tóbi, kókó wà nínú rẹ̀, kí aláìsàn lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ. Kò sí ìwọ̀n kankan, kò sí àpèjúwe kókó náà, ẹnikẹ́ni ò sì wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Oṣù mẹ́jọ ni ìyá yìí ti fi gbé e kiri tí oorun ò kùn ún, torí ẹnì kan ti sọ fún un pé kókó ọrùn, jẹjẹrẹ ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá kó kókó táírọ́ìdì mẹ́wàá jọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ká wá ìkẹwàá rí, láì gún àwọn mẹ́sàn-án yòókù lábẹ́rẹ́ lásán. Sikáànù tó péye, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, àti ìtàn tí ẹ fúnra yín mọ̀ lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Wọn ò lè dájọ́ ìkẹyìn, àmọ́ wọ́n á sọ fún yín ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá àti ẹni tó lè dúró. Àgbàlagbà ni ìlànà yìí wà fún. Tí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ní kókó táírọ́ìdì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ má fi máàkì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wọn tirẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Dígí, ife omi kan, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa.
- Bírò àti ìwé kékeré kan tí ẹ ò ní fi kọ nǹkan mìíràn.
- Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH.
- Ìwé èsì sikáànù ọrùn, pẹ̀lú àwọn àwòrán rẹ̀. Ìwé nìkan kò tó.
- Àgbà kan nínú ìdílé tó mọ ẹni tó ṣàìsàn kí ni.
- Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ọrùn, kí ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ jókòó síwájú dígí, kí iná máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji lè fi ibi tó wú hàn. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ gbé e mì, kí ojú yín má kúrò ní ìsàlẹ̀ gògóńgò. Kókó tó bá jẹ́ ti táírọ́ìdì máa ń bá gògóńgò gòkè nígbà tí èèyàn bá gbé nǹkan mì, á sì padà sí àyè rẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tí kò mira rárá lè má jẹ́ ti táírọ́ìdì. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ẹ wá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé yín:

- Ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ rí i? Ṣé láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ló fi ń tóbi?
- Ṣé ohùn yín ti há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí pé ọ̀fìnkìn ń ṣe yín?
- Ṣé ó le bí òkúta, tó sì lẹ̀ mọ́ ojú kan?
- Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àìsàn kan lórí, lọ́rùn tàbí láyà yín? Ìtọ́jú ni mo ń sọ o, kì í ṣe fọ́tò X-ray tí wọ́n máa ń yà lásán.
- Ṣé òbí yín, ọmọ ìyá yín tàbí ọmọ yín kan ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì rí?
- Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé ọkùnrin ni yín àbí obìnrin?

Àwọn obìnrin ni kókó yìí pọ̀ lára wọn jù, àmọ́ tó bá yọ lára ọkùnrin, ìfura rẹ̀ máa ń ga díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí kò tíì pé 20 ọdún tàbí ẹni tó ti lé ní 70. Tí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ìrora kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo máa ń gbọ́ ọ léraléra: “Kò dùn mí, kò lè jẹ́ nǹkan tó burú.” Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ni kì í dunni rárá. Èyí tó bá ṣàdédé wú, tó sì ń dunni, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú kókó olómi.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má sì máa fi òróró fà á. Ẹ má ra oògùn olómi ayódínì mu nítorí pé wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti ní kókó nínú táírọ́ìdì, ayódínì àpọ̀jù lè mú kí táírọ́ìdì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ àṣejù, kí àyà máa já, kí ara máa gbọ̀n. Iyọ̀ oní-ayódínì tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ kò burú, ìyẹn tó yín.

Tí èémí bá ń há, tí ọ̀fun ń dún bí ẹ ṣe ń mí, tàbí tí oúnjẹ kò lọ dáadáa, ẹ pa ìwé yìí tì, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lónìí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìdáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí ọ̀kan bá ṣì ṣófo, ẹ pe àgbà ìdílé yẹn kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣe àyẹ̀wò TSH

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni. TSH ni họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń rán táírọ́ìdì níṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 4.0 mIU/L, àmọ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọ̀nà méjì ni èsì yìí ń là. Tí TSH bá lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kókó náà fúnra rẹ̀ máa tú họ́mọ̀nù jáde, irú kókó bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ máa ṣe sikáànù ọrùn, ẹ sì máa béèrè nípa àyẹ̀wò mìíràn tí mo máa sọ ní ìgbésẹ̀ 6. Tí TSH bá dára tàbí tó ga, sikáànù ọrùn ló kàn.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ibí yìí gan-an ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣi ara wọn lọ́nà jù. Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ dára, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ sílé. TSH ń sọ bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò mọ ohun tó wà nínú kókó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ni TSH wọn dára bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Ẹ tún wo oògùn tí ẹ ń lò fún irun àti èékánná. Bí wọ́n bá kọ biotin (irú fítámì kan) sára ike rẹ̀, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, torí nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ó máa ń mú kí TSH dà bíi pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣe thyroglobulin láti fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, ẹ fi owó yín sápò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ni àyẹ̀wò yẹn wúlò. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kókó lásán náà máa ń gbé e ga. Ti calcitonin yàtọ̀: tí irú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní medullary bá wà nínú ìdílé, ẹ béèrè fún un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nọ́ńbà TSH wà lórí ìwé, ìwọ̀n tó dára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe sikáànù ọrùn tó péye

Sikáànù tí mo ń sọ ni ti ohùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Kò ní ìtànṣán, kò sì sí pé ẹ máa gbààwẹ̀ tàbí mu omi púpọ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ṣí, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn sílé. Wọ́n á fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká yín kí orí lè fà sẹ́yìn, wọ́n á ta jẹ́lì tútù sí yín lọ́rùn, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ ẹ̀rọ náà rìn án lókè lódò.

Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn. Èyí tó tẹ́jú, tó sì kéré, ni ti ọrùn. Èyí tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ọsàn, tó gbòòrò, ti ikùn ni, kò lè fi kókó kékeré hàn kedere. Tó bá jẹ́ ti ikùn ni wọ́n gbé, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọ́n ní ti ọrùn. Kì í ṣe àfojúdi.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn kókó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ bá mi kọ ìpele TI-RADS rẹ̀, kí ẹ sì bá mi wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì.” Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni ìyá olọ́rá funfun yẹn kò mọ̀, òun ló sì gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀. TI-RADS ni òṣùwọ̀n tó ń sọ bí kókó ṣe fa ìfura tó; mo máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 4.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó kúrò lórí àga ibi tí ẹ ti ń dúró de èsì, ẹ ka ìwé náà. Nípa kókó kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà (ọ̀tún, òsì, tàbí àárín), ìwọ̀n mẹ́ta, ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe dúdú tó, ìdúró rẹ̀, etí rẹ̀, àti bóyá èérún funfun wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan nípa àwọn kókó kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọrùn tí ìwé máa ń pè ní lymph node. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n fi kún un. Àwòrán ṣì wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè má sí mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fún kókó ní máàkì

Ìlànà tí mo fẹ́ lò ni èyí tí American College of Radiology gbé jáde ní 2017, tí wọ́n ń pè ní ACR TI-RADS. Nǹkan márùn-ún ló ń wò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi sínú àmì ọ̀rọ̀ ni ẹ máa bá nínú ìwé èsì yín bó ṣe wà.

1. *Ohun tó wà nínú rẹ̀.* “Cystic”, omi nìkan: 0. “Spongiform”, ihò wẹ́wẹ́ olómi bíi ti kànìnkànìn: 0. “Mixed cystic and solid”, omi àti ẹran: 1. “Solid”, ẹran nìkan: 2. Tó bá jẹ́ omi nìkan tàbí kànìnkànìn, ẹ dúró níbẹ̀, ìpele kìíní ni, ẹ má ka ìyókù.

2. *Bó ṣe dúdú tó lójú ẹ̀rọ.* “Anechoic”: 0. “Hyperechoic” tàbí “isoechoic”, tó funfun ju táírọ́ìdì lọ tàbí tó bá a dọ́gba: 1. “Hypoechoic”, tó dúdú jù ú lọ: 2. “Very hypoechoic”, tó dúdú ju iṣan ọrùn pàápàá lọ: 3.

3. *Ìdúró rẹ̀.* “Wider than tall”, bí ẹyin tí a fi lélẹ̀: 0. “Taller than wide”, bí ẹyin tí a nà ró: 3. Kókó tí kò léwu sábà máa ń tẹ̀ lé bí ẹran ara ṣe tẹ́. Èyí tó bá ń dìde dúró ń gba àárín ẹran ara kọjá ni, ìdí nìyẹn tí máàkì rẹ̀ fi ga.

4. *Etí rẹ̀.* “Smooth” tàbí “ill-defined”: 0. “Lobulated” tàbí “irregular”, etí tó rí págunpàgun: 2. “Extrathyroidal extension”, tó ti yọ jáde kúrò nínú táírọ́ìdì: 3.

5. *Èérún funfun.* Kò sí rárá, tàbí ó jẹ́ “comet-tail” ńlá, tó ní ìrù bíi ti ìràwọ̀ tó ń já: 0. “Macrocalcifications”, ègé ńlá: 1. “Peripheral” tàbí “rim”, tó yí etí ká: 2. “Punctate echogenic foci”, tíntìntín bí iyọ̀ lílọ̀: 3. Ní abala karùn-ún yìí nìkan ni ẹ ti lè rí ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo èyí tó bá wà ni ẹ máa rò pọ̀.

Ẹ wá ro máàkì márààrún pọ̀. 0 jẹ́ ìpele kìíní, TR1. 2 jẹ́ TR2. 3 jẹ́ TR3. 4 sí 6 jẹ́ TR4. 7 sókè jẹ́ TR5. Nínú TR1 àti TR2, jẹjẹrẹ kì í ju 2 nínú 100 lọ. Nínú TR3, kì í ju 5 lọ. TR4 wà láàárín 5 sí 20. TR5 bẹ̀rẹ̀ láti 20 lọ sókè.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá wa yẹn ṣe é. Mo ní kí ó padà ṣe òmíràn, mo sì bá a wò ó. Kókó méjì la rí. Èyí tó wà lósì, tí gbogbo ayé ń rí, tí kò jẹ́ kí ó ya fọ́tò láìwé ìborùn, jẹ́ 3.1 sẹ̀ńtímítà. Ihò wẹ́wẹ́ olómi ló kún inú rẹ̀, kànìnkànìn gbáà. 0 ni máàkì rẹ̀: TR1. Èyí tó wà lọ́tùn-ún, tí ọwọ́ kò bà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà, jẹ́ 1.8 sẹ̀ńtímítà ní gígùn, 1.3 ní ìbú, 1.2 ní jíjìn. Ẹran nìkan ni: 2. Ó dúdú ju táírọ́ìdì lọ: 2. Ó tẹ́ sílẹ̀: 0. Etí rẹ̀ dán: 0. Ègé funfun ńlá kan wà nínú rẹ̀: 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5, TR4 nìyẹn. Èyí tó ń dẹ́rù bà á fún oṣù mẹ́jọ kọ́ ló yẹ kó wá nǹkan ṣe sí.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má ro máàkì kókó kan mọ́ ti ìkejì. Nínú gẹ̀gẹ̀ tí kókó rẹ̀ pọ̀, kálukú ló ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, èyí tí máàkì rẹ̀ ga jù la sì máa kọ́kọ́ bójú tó, kì í ṣe èyí tó tóbi jù.

*Ẹ ṣọ́ra:* “Ill-defined” kì í ṣe “irregular”. Àkọ́kọ́ ń sọ pé etí kò hàn dáadáa, kò sì ní máàkì. Mo ti rí àwọn tó fi 2 kún un, tí TR3 di TR4 lásán.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ìlànà Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EU-TIRADS náà wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì jọ ti Amẹ́ríkà láìjẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo èyí tí ilé àyẹ̀wò yín lò kí ẹ tó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ti kọ máàkì márùn-ún sílẹ̀ fún kókó kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ yín sì bá ìpele tó wà lórí ìwé mu. Tí kò bá mu, ẹ mú méjèèjì lọ fún dókítà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ìpele wé ìwọ̀n

Ìgbà yìí ni ìwọ̀n tó wọ ọ̀rọ̀. Èyí tó gùn jù nínú ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ lò.

- TR1 àti TR2: kò sí abẹ́rẹ́, bó ti wù kó tóbi tó.
- TR3: abẹ́rẹ́ tó bá tó 2.5 sẹ̀ńtímítà, ká máa ṣọ́ ọ tó bá tó 1.5.
- TR4: abẹ́rẹ́ tó bá tó 1.5, ká máa ṣọ́ ọ tó bá tó 1.
- TR5: abẹ́rẹ́ tó bá tó 1, ká máa ṣọ́ ọ tó bá tó 0.5.

Ti ìyá wa jẹ́ TR4, ó sì jẹ́ 1.8. Abẹ́rẹ́ kàn án.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àwọn ilé àyẹ̀wò kan ń fi mílímítà kọ ọ́, àwọn kan ń fi sẹ̀ńtímítà. Mílímítà 18 ni sẹ̀ńtímítà 1.8. Mo ti rí ẹni tó ka “18” tó bú sẹ́kún. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà: “mm” ni kí ẹ fi 10 pín.

Ohun méjì ló ga ju àtẹ òkè yìí lọ. Àkọ́kọ́ ni lymph node ẹ̀gbẹ́ ọrùn: bí ìwé bá sọ pé wọ́n rí èyí tó roboto, tí èérún funfun tàbí omi wà nínú rẹ̀, ẹ má dúró de pé kókó tó ìwọ̀n kankan, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn. Ìkejì ni ìtàn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ 1. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán tàbí ti ìdílé bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dókítà lè má tẹ̀ lé àtẹ yìí fún un.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí TR3, torí òun ni wọ́n máa ń fojú kéré jù. Irú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì kan wà tí wọ́n ń pè ní follicular, tó máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí ayódínì kò ti tó nínú oúnjẹ. Ojú rẹ̀ kì í burú. Etí rẹ̀ lè dán, àwọ̀ rẹ̀ lè bá táírọ́ìdì dọ́gba, kí ó má sì ní èérún funfun kankan. Nítorí náà, kókó ẹran tó ti tó 2.5 tàbí 3 sẹ̀ńtímítà, tí ìwé sì kọ TR3 sí, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi “kò le” lé yín lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà báyìí: fi sílẹ̀, máa ṣọ́ ọ, tàbí abẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn àyẹ̀wò àfikún, àti ìgbà tí wọ́n wúlò

Elastography ń wọn bí kókó ṣe le tó, bí ẹni tó ń fọwọ́ tẹ ìbẹ́pẹ kó lè mọ̀ bóyá ó ti pọ́n. Kókó líle ń fi kún ìfura. Èyí tó rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìfura rẹ́, torí follicular tí mo sọ lókè lè rọ̀. Kò wúlò fún kókó olómi tàbí èyí tí ẹfun ti yí etí rẹ̀ ká. Kí ó ti TI-RADS lẹ́yìn ló dára fún, kì í ṣe kó gba ipò rẹ̀.

Doppler ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn. Tí ẹ bá ka “increased vascularity”, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Kò ní máàkì kankan nínú ìlànà yìí.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi technetium tàbí ayódínì alágbára ìtànṣán ṣe wà fún ẹni tí TSH rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kókó tó bá gba oògùn náà mọ́ra, tó “hot”, jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ gan-an, kì í sì í nílò abẹ́rẹ́. Èyí tó “cold” kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ṣe é. Ẹ padà sí TI-RADS rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ló ní ẹ̀rọ yìí ní Nàìjíríà. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ àti oògùn wà kí ẹ tó wọkọ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe é, ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú.

CT àti MRI kì í lè sọ kókó tó burú yàtọ̀ sí èyí tí kò burú. Bí wọ́n bá sì kan kókó nígbà tí wọ́n ń ṣe PET (àwòrán ara tí wọ́n ń fi èròjà alágbára ìtànṣán yà) fún àìsàn mìíràn, tó sì tàn yòò lójú kan, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta irú wọn ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ má fi ìyẹn jáfara.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ìwé bá ní kí ẹ gba abẹ́rẹ́

Ibí ni àyẹ̀wò tí kì í gún ni dópin sí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í nípọn tó èyí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀. Sikáànù ni wọ́n máa fi darí rẹ̀, ẹ sì máa padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ á tú jẹjẹrẹ ká pọ̀ láàárín wa, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ dúró tí kò yẹ kó dá dúró. Kí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì tọ ojú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ṣọ̀wọ́n gidigidi.

*Ẹ ṣọ́ra:* Tí kókó kò bá fún èémí tàbí oúnjẹ pa, tí ẹnì kan sì fẹ́ gbé yín láti orí sikáànù lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láì gba abẹ́rẹ́ lọ́nà, ẹ béèrè ìdí. Ẹni tí wọ́n bá yọ táírọ́ìdì rẹ̀ tán á máa lo oògùn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Èsì abẹ́rẹ́ ní nọ́ńbà Bethesda, láti 1 dé 6. 1 túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fà kò tó, kí wọ́n tún un ṣe; kì í ṣe èsì rere. 2 ni kò léwu. 6 ni jẹjẹrẹ. Àárín wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti dókítà.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí a ṣe ń ṣọ́ èyí tí a fi sílẹ̀

Kókó tó wọ ẹgbẹ́ “máa ṣọ́ ọ”: TR3 ń padà ṣe sikáànù lẹ́yìn ọdún 1, 3 àti 5. TR4 lẹ́yìn ọdún 1, 2, 3 àti 5. TR5 lọ́dọọdún títí dé ọdún karùn-ún. Ẹ lọ síbi kan náà bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì gbé ìwé àtijọ́ dání, torí ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́.

Kí a tó ní kókó dàgbà, ìwọ̀n méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú 100 lé sí i, kí ìyàtọ̀ náà sì tó mílímítà 2 ó kéré tán. Tàbí kí àpapọ̀ títóbi rẹ̀ fi ìdá 50 lé. Àpapọ̀ títóbi ni gígùn, ìlọ́po ìbú, ìlọ́po jíjìn, ìlọ́po 0.52.

Abẹ́rẹ́ ìyá wa jáde ní Bethesda 2. Lẹ́yìn ọdún kan, ó padà wá. Ti tẹ́lẹ̀: 1.8 × 1.3 × 1.2 × 0.52, ìyẹn 1.46. Tuntun: 1.9 × 1.3 × 1.3 × 0.52, ìyẹn 1.67. Ó fi nǹkan bíi 14 nínú 100 lé, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò sì yí ju mílímítà 1 lọ. Kò dàgbà. Ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Máàkì rẹ̀ ṣì jẹ́ 5.

*Ẹ ṣọ́ra:* Máàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ìwọ̀n. Kókó tí kò dàgbà, àmọ́ tó ti TR3 bọ́ sí TR4, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì tún ṣe sikáànù láàárín ọdún kan, bó ti wù kí iye ọdún tó kù nínú ètò yín pọ̀ tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọjọ́ sikáànù tó kàn ti wà nínú ìwé kékeré yín àti nínú fóònù ẹnì kan nílé. Ẹ ti tẹ́ ìwé èsì sórí tábìlì lójú mọmọ, ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà sì ṣeé kà. Tí ọdún márùn-ún bá pé tí ìwọ̀n àti máàkì kò yí padà, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ti tó àkókò láti dáwọ́ sikáànù dúró. Ìyá wa ṣì ń ka tirẹ̀. Ó ti pa ọ̀rá funfun yẹn tì, ó ra fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ó sì fi bírò pupa kọ ọdún tó kàn sí ẹ̀yìn rẹ̀.